Kí Ni Oríkì Ilé Butterworth?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí fún yín, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé Alan, ọkọ mi, kú. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, òyìnbó ni, ọmọ Manchester níbí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Princess Road ló ń ná, inú bọ́ọ̀sì rẹ̀ la sì ti pàdé, nítorí Moss Side ni mò ń gbé. Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi jẹ́ tọkọtaya. Ọlọ́run ò fún wa lọ́mọ. Ọkàn rẹ̀ ló ṣe é. Ó jókòó láti bọ́ bàtà, kò sì dìde mọ́.

N ò sunkún. Ẹkún ò wá! Mo pe áńbúláǹsì, mo fọ ife tíì tó mu kù, mo buwọ́ lùwé níbi tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù. Ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá. Wọ́n ní, "Sister Fúnmi, ẹ sunkún, ẹ má gbé e mì." Èmi ń bi wọ́n bóyá wọ́n ń fẹ́ ṣúgà nínú tíì wọn. Ọ̀kan nínú wọn wò mí bíi pé èmi ni mo pa á.

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Mo mọ ohun tó há mi lọ́fun. Nígbà tí bàbá mi kú ní Abẹ́òkúta, mo wà níbẹ̀. Màámi ò kàn pariwo, oríkì ni wọ́n ń pè. Wọ́n ń sọ ilé tí bàbá mi ti wá, ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń ṣe, ohun tí wọn kì í jẹ, ẹkún sì ń bá ọ̀rọ̀ náà jáde. Bí ìyàwó ṣe ń dágbére fún ọkọ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ó dáa, kí ni kí èmi pe Alan?

Butterworth. Ó parí! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń jẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá pè é lọ́dọ̀ dókítà tí mo bá dìde, wọ́n á tún wo ẹ̀yìn mi bóyá òyìnbó kan ń bọ̀. Èmi àti Alan máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò bi í rí pé kí ló túmọ̀ sí, tàbí ibi tó ti wá. Èmi tí mo mọ oríkì ilé ìyá bàbá mi! Ojú tì mí.

Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo lọ bá Auntie Jean, ẹ̀gbọ́n Alan, àwọn nìkan ló kù nínú ilé wọn. Mo bi wọ́n ní oríkì orílẹ̀ wọn. Mo ṣàlàyé títí. Auntie Jean ní orúkọ lásán ni. Wọ́n ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ pọ̀ lọ jàra ní Rochdale àti Oldham, pé ní kíláàsì àwọn nígbà èwe, àwọn mẹ́ta ni Butterworth, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì tan. Wọ́n ní kí n mu tíì.

Orúkọ kan náà, kí ẹ má bára yín tan kẹ̀? Mo ní irọ́ ni. Mo ní àwọn òyìnbó ò wádìí ni.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí ilé dákẹ́ jù. Ilé ìwòsàn ní Crumpsall ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ fún àwọn aláìsàn, tí mo máa ń wẹ̀ fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí orúkọ kan lórí bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀dì: Butterworth! Bàbá arúgbó kan tí eegun ìdí wọn kán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ronú rárá. Ìyàwó ilé ni mí, gbogbo ọmọ ilé ọkọ mi, lágbà lọ́mọdé, ọkọ mi ni. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì láàárín wọ́ọ̀dù. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

Bàbá yọrí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní, "Ṣé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni, love?" bí àwọn òyìnbó ibí ṣe máa ń pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ Alan, àwọn ò sì bá a tan. Ṣùgbọ́n wọn ò lé mi o! Wọ́n ní bàbá àwọn sọ ìtàn orúkọ náà fún àwọn ní kékeré. Orúkọ ibùgbé ni, nítòsí Rochdale. "Butter" iwájú rẹ̀ ni bọ́tà tí gbogbo wa mọ̀. "Worth" ní tirẹ̀, lédè àwọn òyìnbó ayé àtijọ́, ni ilẹ̀ tí wọ́n sọgbà yí ká. Ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù tí wọ́n sì ń po wàrà di bọ́tà. Ẹnikẹ́ni tó bá kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sì fi dandan bára tan. Bàbá ní kí n sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi. Kí la ń pè ní orílẹ̀? Ṣebí ibi téèyàn ti ṣẹ̀ wá ni!

Àmọ́ ọ̀rọ̀ bọ́tà yìí kò fi mí sílẹ̀. Alan fẹ́ràn bọ́tà. Á fi kun búrẹ́dì bí ẹni ń rẹ́ ilé. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí dókítà kìlọ̀ nípa ọkàn rẹ̀, mo kó bọ́tà kúrò nílé pátápátá. Èyí tó ń gbé inú ike, tí kò dùn bí nǹkan kan, ni mò ń rà. Tó bá wo bọ́tà lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti pariwo, "Alan!" Kò bá mi jà rí. Á jẹ búrẹ́dì rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìsìnkú dé. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sun ún, ohun tó fẹ́ nìyẹn, ẹ má bi mí. A ò ju ogún lọ. Nígbà tó kàn mí, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, mo gbé ohùn sókè ní Yorùbá:

"Alan o, ọmọ Butterworth,
ọmọ ọgbà bọ́tà,
ọmọ a-jí-fún-wàrà kí oòrùn tó yọ,
búrẹ́dì kì í gbẹ nílé yín!"

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lẹ́nu, nítorí mo mọ ilé tí búrẹ́dì rẹ̀ ti gbẹ. Síbẹ̀ ẹkún ò wá. Mo jókòó. Orí àga náà tutù.

Níta, Auntie Jean bi mí pé kí ni mo sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo dé orí búrẹ́dì, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n ní gbogbo Thursday, tí Alan bá ti pa bọ́ọ̀sì tì, ilé àwọn ló ń yà. Tóósìtì mẹ́rin, bọ́tà lójú méjèèjì. Ó mú àwọn búra pé àwọn ò ní sọ fún mi. Ó ní Fúnmi ń ṣe wàhálà lórí òun, kí àwọn má bà á nínú jẹ́.

Ọdún mẹ́ta! Èmi rò pé overtime ni! Inú bí mi. Mo la ẹnu láti bá a wí bí mo ṣe máa ń bá a wí. Mo ní, "Alan!" Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà jáde.

Kò pẹ́ o. Auntie Jean dì mí mú, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Mi ò bi wọ́n bóyá bọ́tà náà ló pa á. Dókítà ní ọkàn yẹn ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ara mi ti kú padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ bi ọkọ yín, ẹ bi aya yín, ibi tí orúkọ wọn ti wá, nígbà tí wọ́n ṣì lè dá yín lóhùn. Ká ní mo bi Alan ni, bóyá à bá jọ rẹ́rìn-ín, bóyá mà bá gbà á láyè ẹyọ tóósìtì kan lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orúkọ wo lẹ bá nílé ọkọ, kí ló sì túmọ̀ sí? Ṣé ẹ mọ oríkì wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mà á kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni Fúnmi, ìyàwó ilé Butterworth. Bọ́tà wà nílé mi báyìí.