Ọdún Mẹ́ta Tí Ẹ̀gbọ́n Fi Ń Pe Àbúrò Rẹ̀ Ní "Ẹ̀yin"

Ẹ̀gbọ́n Oníbọ́tìnnì kì í bú èèyàn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélógún tí a ti jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, èmi ni mo sì máa ń bú èèyàn fún àwa méjèèjì. Tí oníbàárà bá yọ ọ́ lẹ́nu, á kàn fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí inú bá bí i wọ eegun, "ẹ̀yin" ni yóò máa fi bá olúwa rẹ̀ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí Tíṣà, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo.

Òun ló tọ́ ọ o. Ọmọ náà kò tíì mọ ìrìn nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ ń sùn sí tí ó bá ń tẹ máṣíìnì. Gbogbo yunifọ́ọ̀mù tí Tíṣà wọ̀ títí ó fi jáde ìwé, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti wá.

Ìdìbò ló dé. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní àwọn máa ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa pa, àwa obìnrin àdúgbò ní a ò gbà, Tíṣà sì gbé gbohùngbohùn fún ẹgbẹ́ náà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù wa gan-an ló dúró sí tó ní kí aráàlú má dá àwọn aránṣọ tí kò kàwé lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ń gán bọ́tìnnì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Lọ́jọ́ kejì tí àbúrò rẹ̀ yà kí i, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà." Èmi tí mi ò bá wọn tan, mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe tì.

Ẹgbẹ́ wọn wọlé, wọ́n sì ti ilé ìwòsàn pa. Nígbà tó di ọdún kẹta, ìyàwó Tíṣà ń rọbí, wọ́n ń gbé e lọ síbi tó jìn, inú ọkọ̀ ló bímọ sí. Orí ló yọ wọ́n. Láti ìgbà náà la ti ń gbọ́ pé Tíṣà ń béèrè ọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn, wọ́n sì ń pariwo lé e lórí. Mo ní ó tọ́ sí i. Ìgbà tó kan ilé rẹ̀ lojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwa márùn-ún há sórí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́ni mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù, à ń sọ bí a ó ṣe kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀gbọ́n wà nídìí máṣíìnì rẹ̀. Tíṣà bá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun gbọ́ pé a fẹ́ kọ̀wé, òun lè bá wa kọ ọ́. Ó ní òun ò tíì kúrò nínú ẹgbẹ́ òun, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣì wà tí ẹnu òun àti tiwa ò ní kò lé lórí, ṣùgbọ́n ní ti ilé ìwòsàn yìí, àwa la jàre.

Mo bi í pé gbohùngbohùn dà lónìí. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní àbọ̀ ìrònúpìwàdà kọ́ là ń wá níbí. Kó padà síta níbi tó dúró sí lọ́jọ́sí, kó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kó fa káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ ya, ìgbà yẹn la ó tó mọ ohun tí a máa sọ.  Tíṣà ń wo ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí bọ́tìnnì kan ní àyà ẹ̀wù rẹ̀. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró lórí máṣíìnì. Mo ń retí "ẹ̀yin" tí yóò fi lé e lọ. Ọkùnrin náà ń retí rẹ̀, ó hàn lójú rẹ̀. Tí wọ́n bá lé e lọ́jọ́ yẹn, kò ní wá mọ́ láéláé, ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ta ló gán bọ́tìnnì yẹn fún ọ?"

Gbogbo wa yíjú sí i. "Fún ọ" ló wí. Kò wí pé "fún yín".

Tíṣà wo àyà ara rẹ̀. Òwú pupa ló wà lára ẹ̀wù funfun, bọ́tìnnì náà sì wọ́. Ó ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo rí i. Bọ́ ẹ̀wù náà wá. Jókòó, kí o máa kọ ìwé náà."

Ọ̀rọ̀ náà ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló mà sọ."

Ó ti ń fi òwú funfun bọ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí ni? Èmi náà ò tíì dárí jì í tán. Ó mú àbọ̀ wá, mo fún un ní àbọ̀."

Tíṣà dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lára, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Gbogbo wọn wá ń wo èmi, nítorí èmi ni mo wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Mo pòṣé. Mo ní bẹ́ǹṣì yìí ò gba èèyàn mẹ́fà o, ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ ni yóò tún un kàn.

Lẹ́yìn náà, mo sún.