Àkàbà àti Ẹgbẹ́ Kẹtàdínlógún

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí eyín iwájú tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu já bọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi akunlé tí wọ́n ń pè ní Àkàbà. Kó má ṣáà bi í lójú àbúrò rẹ̀.

Gíga ló fún Àkàbà lórúkọ. Àwọn akunlé yòókù a máa ru àkàbà kiri bí ẹni ru ẹrù ìyà, ṣùgbọ́n òun, ike ọ̀dà tó ti ṣófo ló máa ń dojú rẹ̀ dé, á gorí ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á sì kan àjà. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í tẹrí ba fún.

Nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló ń gbá jẹun. Ká kúkú sọ pé ó ń jókòó tì í jẹun. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré ló wà nínú líìgì nígbà náà, àwọn tó ń san owó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù, èyí tó sì le jù nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló mú un. Àwọn ọ̀gá tó bá níbẹ̀ kò rẹ̀, wọn kò fara pa, wọn kò sì fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àkàbà wà lórí bẹ́ǹṣì títí ọdún fi ń gorí ọdún. Bí kóòṣì bá fẹ́ pààrọ̀ ènìyàn, ojú rẹ̀ á máa bọ̀ lára àwọn tó jókòó, á dé ọ̀dọ̀ Àkàbà, á sì fò ó bí ẹni fo kòtò omi. Nígbà tí wọ́n jàjà ní kó máa lọ sílé, jẹ́sì rẹ̀ ṣì ń dán bíi tuntun. Kò gbá bọ́ọ̀lù líìgì kan ṣoṣo lójú ìyá rẹ̀ rí, ìyẹn ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn di òní.

Ó wá ní àbúrò kan. Orí àbúrò yìí kò kọjá etí Àkàbà. Àkàbà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá wọn, títí ayálégbé ìsàlẹ̀ fi ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà. Àṣé ó kù díẹ̀ kí àwọn aláṣẹ líìgì sọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ di mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí wọn ò rí ẹni mú mọ́, wọ́n mú àbúrò. Bí Àkàbà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Àmọ́ àbúrò ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lórí redio, bó bá sì dé ilé ìfowópamọ́, àwọn ènìyàn á ní kó bọ́ síwájú àwọn lórí ìlà.

Ara Àkàbà ń ta. Àwòrán àbúrò, níbi tó ti fò sókè tó na apá bí ẹni fẹ́ já òṣùpá, ni ìyá wọn gbé kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwòrán Àkàbà wà tẹ́lẹ̀. Ti Àkàbà bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbòòrùn. Nígbà tí ìyá ní kó wá kun pálọ̀ fún òun, ó sọ àwòrán méjèèjì kalẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn bo àwọn àga, ó kun ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó dán gbinrin. Lẹ́yìn náà ló gbé tirẹ̀ sókè tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbé ti àbúrò sẹ́yìn kọ́tìnnì.

Ìyá wọlé, ó wò yíká. "Ta ló gbé ọmọ mi pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì?"

"Oòrùn ni mo ní kó má pa á, màámi."

"Ìwọ tó o wà lókè ńbí ńkọ́? Oòrùn ò mọ̀ ọ́ ni?"

"Èmi ti gbó, màámi. Oòrùn ò lè ṣe mí ní nǹkan kan mọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dá wọn padà sáyè wọn kí ọ̀dà tó gbẹ.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkòríta ni Àkàbà ti máa ń tú inú rẹ̀ síta. Tòun ti aṣọ irun lọ́rùn ni yóò máa wàásù.

"Bí mo bá ní ọ̀dà tó tó ilé kan, tí mo wá bu omi lù ú kó lè tó ilé méjì, ṣé mo ti kun ilé méjì nìyẹn? Ilé méjì ni mo bà jẹ́. Líìgì yìí náà, omi ti pọ̀jù nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún? Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí agbábọ́ọ̀lù gidi tó máa kárí? Kí wọ́n dá a padà sí mẹ́jọ."

"Nígbà tí wọ́n jẹ́ mẹ́jọ, èwo nínú wọn ló wà nílùú yìí?" onígbàjámọ̀ ní. "Redio la fi ń gbọ́ wọn. Ní báyìí, mo lè ti ṣọ́ọ̀bù kí n fẹsẹ̀ rìn lọ wòran. Má mi orí, mo máa gé ọ létí."

"Òǹwòran kọ́ ni mò ń sọ. Ojúlówó ni mò ń sọ."

"Àbúrò ẹ kì í ṣe ojúlówó?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"O ò dárúkọ, àmọ́ o ń júwe ilé ẹ̀."

Àwọn tó ń dúró de irun gígẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó pe ilé iṣẹ́ redio lákòókò ètò eré ìdárayá. Ó yí ohùn padà, ó ní òǹwòran lásán lòun. Ó ní àwọn kan wà nínú líìgì lónìí tó jẹ́ pé láyé ẹgbẹ́ mẹ́jọ, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọn ì bá máa já lẹ́nu géètì. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀, tó ń gbọ́ redio ní kíṣìnnì, mọ ikọ́ náà. Àbúrò tó wá kí ìyá lọ́jọ́ náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n wo ara wọn.

Àfi bí a ṣe gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ dá ẹgbẹ́ kẹtàdínlógún sílẹ̀, nínú ìlú yẹn kan náà, ní òdìkejì ojú irin. Àkàbà ní ó parí, wọ́n ti sọ ọ̀dà di omi ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n pè pé kó wá kun gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ tuntun máa lò, ó sì lọ, torí iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ó ń kun irin tó gbé àwọ̀n dúró nígbà tí kóòṣì wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tó fi fèrè kọ́rùn, wá dúró sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Àkàbà?"

"Èmi ni. Ẹ sún díẹ̀, ọ̀dà lè kán sí yín lórí."

"Ọmọdé ni gbogbo àwọn tí mo kó jọ. Mò ń wá àgbàlagbà kan tó ga, tó lè wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń dúró lábẹ́ àwọ̀n. Wọ́n ní ẹ ti wà ní líìgì rí."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lókè. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àbúrò yín."

Ayọ̀ tó ti ń gun Àkàbà bọ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dúró sí orúnkún. Ká ní ẹlòmíràn ló dárúkọ òun ni, ì bá ti fò sílẹ̀ lórí ike. Ṣé àbúrò tóun kọ́ ní bọ́ọ̀lù ló wá ń ṣàánú òun báyìí? Ó ní òun máa rò ó.

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ nígbà tó délé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò gbé ojú kúrò lára aṣọ.

"Ẹ dá mi lóhùn kan. Ṣé ẹgbẹ́ ti pọ̀jù, àbí kò tíì pọ̀jù?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn ò rọrùn bẹ́ẹ̀."

"Ó rọrùn lórí redio."

"Ṣé kí n wá máa gbá bọ́ọ̀lù àánú ni?"

"Ẹ ti ń wá bẹ́ ẹ ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù lójú màámi kí n tó mọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí ìlara gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má fi ẹ̀dùn rẹ̀ dà mí láàmú o."

Àkàbà jáde, ó kọrí sílé àbúrò. Ó bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ bàtà.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n. Kóòṣì yẹn bi mí pé ta ló kọ́ mi bí mo ṣe ń fò. Ṣé kí n purọ́ fún un ni?"

Ìyẹn gan-an tún bí Àkàbà nínú. Ó jókòó sórí korobá.

"O gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ lórí redio?"

"Mo gbọ́ ọ. Ẹ lọ rí dókítà nítorí ikọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, Àkàbà lọ gba jẹ́sì. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kò dúró kí wọ́n bi í. "Mẹ́tàdínlógún ló yẹ kí wọ́n ti jẹ́ látilẹ̀," ó ní. "Mẹ́rìndínlógún yẹn ni ò gún. Ẹni tó bá tún fi ẹyọ kan kún un báyìí, ó ti ba líìgì jẹ́."

"Omi inú ọ̀dà ńkọ́?"

"Ọ̀dà míì wà tó ki jù. Bí o ò bu omi díẹ̀ sí i, kò ní ṣe é kùn."

Ẹgbẹ́ àbúrò ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Ìyá jókòó níwájú, ó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Àkàbà wà lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Gbogbo ìgbà tí àbúrò bá ju bọ́ọ̀lù wọlé, tí gbọ̀ngàn bá hó, ńṣe ni nǹkan ń ta á láyà bí ata. Nígbà tó yá, ojú kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lára àwọn tó jókòó. Àkàbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú, kó má bàa rí i bí ojú náà ṣe máa fò ó.

"Àkàbà, ẹ dìde."

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbà, àbúrò já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sáré lọ jù ú sáwọ̀n lódìkejì. Ìyá pàtẹ́wọ́. Ó dá Àkàbà lójú pé òun kọ́ ló ń pa á fún. Bọ́ọ̀lù tún dé ọwọ́ rẹ̀. Ó fi èjìká ti àbúrò díẹ̀, ó yí padà, ó fò. Bọ́ọ̀lù jókòó sórí irin, ó ń rò ó bóyá kóun wọlé tàbí kóun padà sílé. Gbogbo gbọ̀ngàn na ọrùn, rẹfirí pàápàá yọ fèrè lẹ́nu. Ó sì já sínú àwọ̀n.

Ìyá dìde dúró. Ti ìgbà yìí, kò sí iyèméjì nípa ẹni tó dìde fún.

Ẹgbẹ́ Àkàbà ló fìdí rẹmi. Ní ẹnu ọ̀nà, àwọn èrò yí àbúrò ká, ó ń buwọ́ lu aṣọ fún wọn. Ìyá nìkan ló wà lọ́dọ̀ Àkàbà, ó ń bá a nu ọrùn. Onígbàjámọ̀ wá bá wọn.

"Sọ òótọ́ fún mi lónìí. Ṣé ẹgbẹ́ ti pọ̀jù?"

Àkàbà wo ọ̀dọ̀ àwọn èrò. "Ẹyọ kan ló fi pọ̀jù. Ẹ yọ ti àbúrò mi kúrò, ó pé."

Àbúrò gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó wá gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká pẹ̀lú tirẹ̀. Àkàbà jẹ́ kó gbé e. Ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń wo báàgì méjèèjì, èwo ló dára jù. Ti àbúrò ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti fọwọ́ mi kún un: bọ́ọ̀lù yẹn kò jókòó sórí irin rárá. Tààrà ló wọlé. Èmi ni mo dá a dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀.