Ìrẹsì Mẹ́ta Lóko Jádesọ́lá

Nígbà tí Dahomey fi máa pé ọdún mẹ́ta tó gba òmìnira, ojú Élie, ọkọ Jádesọ́lá, ti fọ́ pátápátá. Ilé wọn ní Issaba wá dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo iṣẹ́ oko sì já lé ìyàwó lọ́wọ́. Lọ́dún náà ni Séverin, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn láti Sakété, wá tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gbin irú ìrẹsì mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọdún mẹ́ta, irú tí kì í fẹ́ àbàtà: ti ìlú Takon, ti ìlú Igana, àti pupa wẹ́wẹ́ tí ìyá Élie fi sílẹ̀ kó tó kú.

"Màmá, a fẹ́ mọ èyí tó ń dàgbà jù," ni Séverin wí, "ká sì mọ èyí tí kì í jáni kulẹ̀."

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi ọ̀pá wọn gíga wọn. Élie gbọ́, ó ní kí wọ́n mú òun náà lọ. Jádesọ́lá dì í lọ́wọ́ mú, ó sì bá a kúnlẹ̀ láàárín oko. Élie fọwọ́ tọ́ ìrẹsì láti ìdí dókè, ó ń ka àwọn ọmọ tó yọ nídìí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń jí ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀: "Sọ́lá, ṣé a ò ní í lọ wo àwọn ọmọ wa ni?"

Lọ́dún kìíní, òjò rọ̀ dáadáa. Ti Takon kún agbọ̀n mẹ́jọ, ti Igana mẹ́fà, pupa wẹ́wẹ́ ò ju mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Ó dun Jádesọ́lá bí ẹni pé wọ́n bú ìyá ọkọ rẹ̀.

Lọ́dún kejì, òjò dá nígbà tí ìrẹsì ń yọ ṣírí. Élie fọwọ́ tẹ ti Takon, ó mirí. "Èèpo lásán ni." Ó yí sí pupa wẹ́wẹ́, ó fọwọ́ tẹ òun náà. Jádesọ́lá rí omi tó lé ròrò sójú rẹ̀.

"Sọ́lá, ó gbó. Ìyá mi mà kú iṣẹ́ o!"

Agbọ̀n mẹ́rin ni wọ́n kó níbẹ̀. Ti Igana jẹ́ méjì, ti Takon ọ̀kan péré. Lọ́dún kẹta, òjò ṣe ségesège, síbẹ̀ pupa wẹ́wẹ́ tún mú mẹ́rin ààbọ̀ wá.

Séverin pa ìwé rẹ̀ dé. "Bàbá, bí ọdún bá dáa, ti Takon pọ̀. Ṣùgbọ́n tiyín ló ń bọ́ ilé lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóhun tí ìyá mi máa gbìn."

Élie fúnra rẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta fún un.

"Kí ìyá rẹ tètè gbìn ín bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ o," ni Jádesọ́lá wí, ó ń gbọn ìyàngbò kúrò lápá ọkọ rẹ̀.