Ògiri Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé

Gúnrégé ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti pẹ́ débi pé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń rántí èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bíríkìlà ni. Tó bá fi sìmẹ́ńtì dí àárín òkúta méjì, o lè na okùn láti igun dé igun, o ò ní rí ibi tó ti yẹ̀ bí ìbú èékánná. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin báyìí. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, tó bá sì jí láàárọ̀, á kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n.

Ó ti ní òun ò ṣiṣẹ́ mọ́ kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí i láti ilé ìkàwé. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sì tún un ṣe ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ dúpẹ́. Nígbà tó gbójú sókè wo ògiri iwájú, ó rí ìdí tí wọ́n fi pè é. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sán, kò ṣí, bó ṣe fi í sí i ló ṣe wà. Òkúta ló ti lọ. Ìpẹ́ ìpẹ́ ni ojú wọn ń bọ́, wọ́n ti jẹ wọnú, ìlà sìmẹ́ńtì wá yọ síta bí egungun ìhà ẹran tó rù.

Obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ló ń darí iṣẹ́ náà. Bí a ṣe ń tọ́jú ilé àtijọ́ ló kọ́ nílé ìwé gíga. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Dókítà Ògiri, nítorí á fi etí lé ògiri, á fọwọ́ kàn án kókókó, á wá mi orí.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ wo ibí." Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ìkarawun kékeré kan tó há sínú òkúta. "Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta yìí ti wá. Ìkarawun ló kóra jọ, tí wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ títí tí wọ́n fi di òkúta. Ihò tín-tìn-tín ló kún inú rẹ̀. Omi òjò ń wọ̀ ọ́, omi náà sì gbọ́dọ̀ ráyè jáde. Tó bá jẹ́ ẹfun sísun la fi dí àárín wọn, omi á gba inú ẹfun jáde. Sìmẹ́ńtì ti ilẹ̀kùn pa. Ni omi bá ń gba ara òkúta jáde, tó sì ń bó o lọ."

"Ṣé sìmẹ́ńtì mi ò dáa tó ni?"

"Ó dáa jù ni, Bàbá. Ọ̀ràn ibẹ̀ gan-an nìyẹn."

Gúnrégé fọwọ́ kan ìkarawun náà. Ìgbà tí kò níye ló ti fọwọ́ pa irú ìkarawun bẹ́ẹ̀, ohun tó sì máa ń rò kò ju pé wọn ò jẹ́ kí ògiri dán.

"Àmọ́ ẹ wá wo nǹkan kan," Dókítà Ògiri ní, ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Òkúta ògiri ẹ̀yìn pé pérépéré. Etí wọn ṣì mú. Ohun tó wà láàárín wọn funfun bí eyín ọmọdé. "Ẹfun ni gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó dà bí èyí. Ẹ̀yin náà lẹ ṣe é?"

Òun kọ́. Jẹ́jẹ́ ni, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà yẹn, Gúnrégé mú iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àbúrò, torí ta ló ń wo ẹ̀yìn? Jẹ́jẹ́ fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń fi garawa bu ẹfun tí bàbá wọn sun kó tó kú, èyí tó wà nínú kòtò omi lẹ́yìn ilé wọn. Á lẹ ìwọ̀nba, á fi àpò tútù bò ó, á dojú garawa dé, á jókòó lé e, á máa wo ògiri. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ń gbà á ní ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn wá yẹ̀ ẹ́ wò, ojú ti Gúnrégé. Ó mú ìṣó, ó fi ọwọ́ lásán tì í bọ àárín òkúta tí àbúrò rẹ̀ dí, ìṣó sì wọlé dé orí.

"Ọ̀lẹ!" ó kígbe níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá. "Ìwọ ni ìtìjú bàbá wa. Lọ wá ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó ń sùn!"

Jẹ́jẹ́ fọ ọwọ́, ó kó irinṣẹ́ sínú àpò, ó lọ. Kò tún lẹ ògiri mọ́. Ibi ìsìnkú nìkan ni wọ́n ti ń ríra.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ni?"

Gúnrégé wo ilẹ̀. "Àwa ni," ó ní. Ó sì mọ̀ pé nínú "àwa" yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló wà, ẹni náà kì í sì í ṣe òun.

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó fi í ṣe olórí àwọn tí yóò fi ẹfun tún ògiri yòókù ṣe, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ni ilé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ sìmẹ́ńtì kò mọ ẹfun. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ dán an wò lára ògiri ẹ̀gbẹ́, níbi tí wọ́n ti ha sìmẹ́ńtì kúrò. Ó pò ó, ó lẹ̀ ẹ́, ó gún. Lọ́jọ́ kẹta ó sán. Nígbà tó fọwọ́ rà á, ó ń dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó tún un ṣe, ó tún dà.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá lọ bi ara wọn ìgbà ọ̀dọ́ léèrè!" òṣìṣẹ́ kan pariwo láti orí pákó tí wọ́n ń dúró lé ṣiṣẹ́, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Dókítà Ògiri ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má fi ọgbọ́n yín pa mọ́ fún mi o. Tí ẹ̀kẹta bá tún dà, ìgbìmọ̀ ní sìmẹ́ńtì làwọn máa fi rẹ́ gbogbo ògiri yìí. Ogún ọdún sí i, kò ní sí ilé mọ́."

Nílé, kò lè jẹun tán. Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹ lọ bá àbúrò yín," ó ní.

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ mélòó nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ lè ka ẹgbẹ̀rún òkúta láìṣì í."

"Ó ti pẹ́ jù, ìyá wọn."

"Ó pẹ́ lóòótọ́. Ẹ wá dúró kó di ìsìnkú kan sí i. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ò ní lè fèsì lọ́jọ́ yẹn."

Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ débẹ̀. Ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ kan ni Jẹ́jẹ́ ń ṣọ́. Orí àga oníke ló wà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde díẹ̀, ó tún jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ ṣeun. Ta ló wá ń ṣàìsàn?"

"Ògiri ni. Ti ilé ìkàwé. Tìẹ dúró. Tèmi ti jẹra."

Jẹ́jẹ́ ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ti sán káàkiri, bó ṣe máa ń rí látìgbà tí sìmẹ́ńtì ti ń jẹ ẹ́ ní kékeré.

"Wọ́n ní kí n fi ẹfun ṣe é," Gúnrégé ní. "Ó ń sán, ó ń di ìyẹ̀fun. Kí lo máa ń fi sí i?"

"Omi. Kí lẹ rò pé mo fi sí i? Ẹ kọ́kọ́ rin òkúta kó mu omi yó. Tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi àpò tútù bò ó, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, fún odindi ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi orí igi tẹ̀ ẹ́ wọlé padà. Ẹfun kì í yára. Atẹ́gùn ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀ tó fi ń padà di òkúta. Ọdún ló máa ń gbà."

"Orí garawa tó o máa ń jókòó sí yẹn…"

"Mò ń ṣọ́ oòrùn ni. Tó bá ti yí dé ara ògiri, màá sún àpò."

"Èé ṣe tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. Ẹ ní ọ̀lẹ ò lè ṣe kó má ní àwáwí."

Ọkọ̀ kan fọn fèrè. Jẹ́jẹ́ ṣí géètì, ó tì í, ó padà wá jókòó.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," Gúnrégé ní. Ọ̀rọ̀ náà kéré ju bó ṣe wúwo lórí ọkàn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. "Wọ́n tún ti kọ orúkọ mi sí ògiri rẹ. Mi ò sọ fún wọn pé èmi kọ́."

Àbúrò rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí itan.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Báwo ni?"

"Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́dún kìíní, mò ń retí yín. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún yín, mo há a sórí. Nígbà tó fi di ogún ọdún, mo ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Kí ni màá fi orúkọ ṣe lẹ́nu géètì? Ẹ lọ ṣe iṣẹ́ yín."

Gúnrégé ti múra sílẹ̀ de èébú. Ká ní ó bú u, ì bá sùn nínú bọ́ọ̀sì nígbà tó ń padà.

Ó ṣe bí àbúrò rẹ̀ ti wí. Ó rin òkúta, ó fi àpò bò ó, ó ń gun àkàbà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ láti wọ́n omi, orúnkún rẹ̀ ń sọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí àpò lọ́jọ́ kẹjọ, kò sán. Ó fi àtàǹpàkò rà á, kò dà.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá!" Dókítà Ògiri ní, ó ti ń wá fóònù rẹ̀ láti ya àwòrán.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọgbọ́n ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti ní kó wà bẹ́ẹ̀. Gúnrégé bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fọ irinṣẹ́, wọ́n fẹ́ máa lọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe gbogbo wọn jọ." Nígbà tí wọ́n pé, ó ní: "Kì í ṣe èmi ni mo ṣe ògiri ẹ̀yìn. Àbúrò mi ni. Mo pè é ní ọ̀lẹ níwájú èèyàn, mo lé e. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, òun ló kọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ sì jẹ́ kí n kọ orúkọ yín," Dókítà ní.

"Mo jẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́."

"Ó ti lé lóṣù kan, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Dókítà bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi í ta ló kù tó mọ̀ ọ́n, Gúnrégé sì júwe géètì fún un. "Ọwọ́ rẹ̀ ò lè lẹ ògiri mọ́," ó ní. "Àmọ́ ojú rẹ̀ wà níbẹ̀."

Wọn ò ní kí Gúnrégé máa lọ sílé. Wọ́n fi í sáàárín àwọn tó ń gbẹ́ sìmẹ́ńtì kúrò ní ògiri iwájú. Iṣẹ́ náà ló burú jù níbẹ̀. Ṣísẹ́lì kékeré ni wọ́n ń lò, torí tí wọ́n bá fi agbára lù ú, òkúta á bá a lọ. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n pò dáadáa kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, kò gbà fún ẹni tó pò ó pàápàá. Ìlà kan ní òwúrọ̀, ìlà kan ní ọ̀sán. Tó bá délé, apá rẹ̀ á máa gbọ̀n títí yóò fi sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, tí kò sí ẹ̀kọ́, Jẹ́jẹ́ wá. Dókítà Ògiri ló ń tẹ̀ lé e bí akẹ́kọ̀ọ́, ó ń kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí gbogbo ilé po tán, Jẹ́jẹ́ nìkan wá sábẹ́ ògiri iwájú, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ sinmi."

"Ó ku mẹ́ta."

"Òkúta mẹ́ta àbí wákàtí mẹ́ta?"

"Bí bàbá burúkú kan ṣe po sìmẹ́ńtì yìí, kò síyàtọ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lórí pákó kejì. Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ àkàbà, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ti sán di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú, ó sì dúró síbẹ̀ kó má bàa yẹ̀.