Ọjọ́ tí Mo Kúnlẹ̀ ní Ìlú tí Kò Ní Ọba

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná àti ti omi òkun ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà ní Tripoli. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Bàbá wa ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ńlá kan níbẹ̀, nítorí pé Olórí orílẹ̀-èdè náà, ọ̀gágun tó lé ọba wọn kúrò lórí ìtẹ́, ń gba àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè. A kì í sanwó ilé ẹ̀kọ́. Iná kì í lọ. Síbẹ̀, olùkọ́ kan tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa ti bá ọkùnrin méjì wọ ọkọ̀ funfun lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ kò sì rí i mọ́. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń sọ fún mi láràárọ̀, bó ṣe ń bá mi so okùn bàtà: "Rìsí, ohun tí wọ́n bá bi ọ́ nìkan ni kí o dáhùn."

Ní àárọ̀ yẹn, aṣojú ìjọba kan wá bẹ ilé ẹ̀kọ́ wa wò. A tò sí àgbàlá lábẹ́ àwòrán Olórí. Nígbà tí ó dé iwájú mi, mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kí Bàbá nílé. Ọkùnrin náà fà mí dìde, ó sì gbọn iyanrìn kúrò lórí eékún mi fúnra rẹ̀.

"Ọmọ mi, a ti lé ọba lọ," ni ó wí ní èdè Lárúbáwá, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbí."

Inú mi dùn. N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbà rí. Lẹ́yìn náà ni ó yọ bírò. Ó bi mí ní orúkọ Bàbá, mo dáhùn. Ó bi mí bóyá Bàbá máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Olórí lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ó máa ń pa á tí a bá fẹ́ jẹun," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ nílé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Màmá, tó ń ṣan ìrẹsì, dá ọwọ́ dúró. Bàbá kò nà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí: "Ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó máa dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í," ni Màmá wí. "Ó ti dáhùn o, Bàbá Rìsí."

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, páásípọ́ọ̀tù gbogbo wa wà nínú ike ìrẹsì. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọkọ̀ funfun kan dúró níwájú ilé wa. Bàbá ti wọ bàtà kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Aṣojú yẹn ló wọlé, ìwé kan ló sì gbé lé e lọ́wọ́: wọ́n ti fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ Láńre, àbúrò mi tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ láti kékeré. Ọdún méjì la ti ń dúró de ìwé náà. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ọkùnrin náà ṣe ń jáde, ó wo tẹlifíṣọ̀n wa.

"Ó dára," ni ó wí. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà títí a fi kúrò níbẹ̀, a kò pa á mọ́ nígbà oúnjẹ. Olórí ń sọ̀rọ̀, àwa ń jẹun. Láńre sì rìn.

Dublin ni gbogbo wa wà báyìí. Láńre ń kó ẹrù ní èbúté, ó ń fi ẹsẹ̀ yẹn dúró fún wákàtí mẹ́wàá. Èmi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ mi ní Swords, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Dublin. Ní oṣù tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ ojú ìwé méjì nípa aṣáájú kan tó gba ìjọba lọ́wọ́ ọba, kí a sọ rere àti ibi tó ṣe.

Mo kọ́kọ́ bi Láńre. "Àǹtí Rìsí, mo ń rìn," ni ó wí. "Kí lẹ tún fẹ́ kọ?"

Bàbá, tó ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, rẹ ohùn sílẹ̀ nínú ilé ìdáná mi, bẹ́ẹ̀ Olórí ti kú tipẹ́. "Kọ ti ọsibítù. Fi ìyókù sílẹ̀. O ò mọ ẹni tó máa kà á."

Mo kọ méjèèjì. Mo kọ ọ́ pé títí di òní, n kò lè sọ bóyá wọ́n fi ìwé yẹn ràn wá lọ́wọ́ ni, tàbí wọ́n fi pa wá lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo yọ orúkọ Bàbá kúrò, mo sì bẹ olùkọ́ pé kí ó má kà á sókè fún kíláàsì. "Grand," ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń sọ pé kò burú níbí, kò tilẹ̀ bi mí ní ìdí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn sọ òótọ́ lójú gbogbo àgbàlá, fún ẹni tó lè gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti wá kan ilẹ̀kùn mi, dúró títí àwọn yòókù fi jáde tán kí n tó fi ojú ìwé méjì lé olùkọ́ wa, obìnrin kan ṣoṣo, lọ́wọ́.