Pápá tí Òkè ti ń Dá Fèrè Lóhùn

Inú ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní Kétu, lápá ilẹ̀ Benin, ni àrùn bọ́ọ̀lù wọn yìí ti mú mi. Mo lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn lọ́dún 2005, rédíò kékeré kan tó ń sọ Faransé tí n kò gbọ́ sì wà lórí àpò sìmẹ́ǹtì. Télọ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Benin, àwọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, wà ní Hólàńdì níbi ìdíje àgbáyé. Wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Ọsirélíà, ọ̀kan sí ọ̀kan. Wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Jàpáánù, ọ̀kan sí ọ̀kan. Àwọn onílé fi góòlù kan ṣoṣo jù wọ́n lọ. Àmì méjì ni wọ́n ní, àmì méjì náà ni Jàpáánù ní, ṣùgbọ́n góòlù mẹ́ta ni Jàpáánù gbá sáwọ̀n, àwọn ọmọ Benin gbá méjì péré, Jàpáánù ló bá kọjá. Télọ̀ náà pa rédíò, ó ní, "Góòlù kan tí wọn ò rí jẹ ló lé wọn wálé." Láti ọjọ́ náà ni góòlù tí wọn ò rí jẹ yẹn ti ń gbé inú mi.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìmẹ̀kọ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fi òkú ilé wa sílẹ̀ mo ń bá aládùúgbò sunkún. N kò jiyàn. Mo mọ̀ pé ọdún kan náà yẹn ni àwọn ọmọ Benin gbé ipò kẹta ní Áfíríkà, nínú ilé ara wọn. Mo mọ̀ pé ní Íjíbítì lọ́dún 2023, Sẹ̀nẹ̀gà tó padà gba ife náà ló lé wọn jáde, góòlù kan sí òdo. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí Gẹ́pàà ni, ẹranko kan tó jọ àmọ̀tẹ́kùn tó sì lè sáré ju ohunkóhun tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Ẹni tó mú mi rin ìrìn àjò tí mo ń sọ yìí ni Bẹ́nùwá. Agbábọ́ọ̀lù iwájú ni nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Benin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ará abúlé kan lójú ọ̀nà Sọ́kúlógbò, lábẹ́ àwọn òkè Ìgbó Ìdáàṣà tí ìwé ìjọba ń pè ní Dásà-Zùmé. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n lọ gbá lẹ́yìn odi, rẹfirí fún un ní káàdì yẹ́lò nítorí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lẹ́yìn tí fèrè ti dún. Ní abala kejì ó tún ṣe ohun kan náà. Yẹ́lò kejì di pupa, wọ́n ku ẹni mẹ́wàá, wọ́n sì fìdí rẹmi. Orí rédíò ni wọ́n ti pè é ní alágídí. Ṣùgbọ́n mo wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Nígbà méjèèjì, lẹ́yìn fèrè, kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ó yí orí díẹ̀ sápá òsì. Alágídí kì í yí orí. Ẹni tó ń tẹ́tí ló ń yí orí.

Múrí, ọmọ ìlú wa tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní ọjà Ìgbó Ìdáàṣà, ló pè mí pé wọ́n ti tún ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Kóòṣì fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì máa ti ilẹ̀kùn ibùdó ní Kùtọnú. Bí kò bá dé, ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀ nìyẹn. Múrí ní ọmọ náà ti sọ pé òun ò lọ, kò sì sọ ìdí.

Mo kúrò ní Ìmẹ̀kọ ní Sátidé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀kadà gbé mi dé Ìlára, mo fẹsẹ̀ kọjá ẹnubodè, mo sì wọ tákísì ní Kétu lọ sí Bohíkọ̀n. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fránkì ni wọ́n gbà. Àwa mẹ́fà la wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹni márùn-ún, ewúrẹ́ kan sì wà nínú búùtù tó ń dá sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá sọ. Ọ̀nà náà dára ju tiwa lọ, ó pupa níbi kan, ó dúdú níbi kan, ṣùgbọ́n kò sí kòtò tó lè gbé táyà mì. Epo bẹntiróòlù wà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà bí epo pupa ṣe ń wà lọ́jà wa. A gba orí afárá odò Wẹ́mẹ̀ kọjá, ìkùukùu ṣì bo omi náà tí a kò rí i, ariwo rẹ̀ nìkan la gbọ́.

Láti Bohíkọ̀n mo wọ ọkọ̀ mìíràn. Ní Páwìnyán àwọn obìnrin to abọ́ gàrí sẹ́bàá títì, gàrí náà kúná bí ìyẹ̀fun, mo ra díẹ̀ fún ìyàwó mi. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni àwọn òkè bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Ìmẹ̀kọ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ènìyàn bá rí òkè, á jẹ́ pé ó ti rìn jìnnà sílé. Níbí, òkè jókòó sáàárín àwọn ilé bí àgbà tó jókòó sáàárín àwọn ọmọ, ẹnikẹ́ni kò gbójú sókè wò ó. Òkúta ni látòkè délẹ̀, dúdú, ó ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi lé e.

Múrí fi iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà pàdé mi, wàrà díndín tí wọ́n ń pè ní wàgàsì wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ò ní bá mi dé pápá abúlé ọmọ náà nítorí òun ò fẹ́ràn ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó bá mi pe zémìjáàn kan. Bí wọ́n ṣe ń pe ọlọ́kadà níbẹ̀ nìyẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Fọ̀n sì ni "gbé mi kíákíá". Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń pè mí ní fòfó, èyíinì ni ẹ̀gbọ́n. A kọjá ihò àpáta Àríígbó tí àwọn Àgùdà ń rìnrìn àjò wá lóṣù kẹjọ, ọlọ́kadà náà fọwọ́ kan àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bóyá òótọ́ ni pé àwa ará Nàìjíríà máa ń lu rẹfirí.

Mo ní, "Ìgbà mìíràn."

"Fòfó, ẹ má lu tibí o. Bí ẹ bá lù ú, ẹlòmíràn á fọn fèrè."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó dúró, ó ní kí n fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ọgọ́rùn-ún mẹ́rin fránkì ló gbà, kò sì dúró kí n bá a nájà.

Òkè mẹ́ta ló yí pápá náà ká bí ààrò. Ẹni tó ń ṣe rẹfirí ni Bàbá Antuáànù, ẹ̀gbọ́n ìyá Bẹ́nùwá, àgbẹ̀ oníṣu tó tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù. Èdè Ìdáàṣà jọ Yorùbá wa bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń jọra. Tí wọ́n bá rọra sọ ọ́, mo ń gbọ́. Níhìn-ín mo kọ ọ̀rọ̀ wọn bí a ṣe máa sọ ọ́ nílé. Bàbá na ọwọ́ sí ọmọkùnrin gíga kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì láìsí nọ́ńbà, ó ní Bẹ́nùwá nìyẹn, kí n dúró kí wọ́n parí ná.

Kò pẹ́ tí mo fi rí nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Bàbá fọn fèrè nítorí ẹnìkan fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó dúró. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń gbá a lọ. Lẹ́yìn náà fèrè náà dún padà láti ara òkè apá òsì, ó tinrín, ó sì tutù, gbogbo wọn wá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ṣẹlẹ̀. Ní ìgbà kẹta, òkè kò dáhùn. Bàbá ju ọwọ́ sílẹ̀, eré ń lọ, ẹni tí wọ́n ta lẹ́sẹ̀ dìde láìráhùn.

Mo sọ fún un pé òfin bọ́ọ̀lù kò mọ irú èyí, pé gbohùngbohùn ni, pé bí afẹ́fẹ́ bá yí, ohùn kò ní padà.

"Mi ò sọ pé kì í ṣe afẹ́fẹ́," ni ó wí. "Mo kàn ní a máa ń dúró dè é. Èmi lè ṣìṣe. Láti ìgbà bàbá mi ni a kò ti jà lórí pápá yìí."

Mo wá mọ ìdí tí ọmọ náà fi ń yí orí. Àṣà ilé rẹ̀ ni. Ìdùnnú bò mí, mo ti ń ro bí màá ṣe ṣàlàyé fún kóòṣì. Oòrùn ti wọ ẹ̀yìn òkè nígbà náà. Bàbá tẹ̀ ba, ó ń so okùn bàtà rẹ̀, fèrè náà ń fì lọ́rùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́sẹ̀.

Fèrè dún láti orí òkè.

Gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Bọ́ọ̀lù ń yí lọ ní tirẹ̀, ó kọjá lára aṣọ́lé, kò nawọ́ sí i. Èmi nìkan ni mo wà lórí ìdúró. Bàbá fa ṣòkòtò mi, mo jókòó. Àwọn ẹyẹ tó ti ń pariwo láti ìgbà tí mo dé ti dákẹ́. Koríko kò mì. Mo ń retí pé ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, bóyá wọ́n ń fi àlejò ṣeré ni, ṣùgbọ́n mo wo ojú aṣọ́lé náà, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tó yá, Bàbá dìde, gbogbo wọn tò tẹ̀lé e. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ló wà lẹ́yìn pátápátá, n kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Bẹ́nùwá fún wa ní omi àti àga. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo wá ṣe, pé àṣìṣe ọmọ náà yé mi, pé kó kàn lọ sọ fún kóòṣì pé ó ń dúró de fèrè kejì ni. Ìyá ní òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀ títí ẹnu fi bó.

Ilẹ̀ ni Bẹ́nùwá ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe pé mo dúró dè é nìkan. Ó dún."

Mo bi í níbo.

"Ní pápá àwọn ará ẹ̀yìn odi yẹn. Ilẹ̀ títẹ́ ni, kò sí òkè. Àwọn ìjókòó apá òsì ṣófo, wọn ò ta tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Mo gbá bọ́ọ̀lù tán, ó wá dún láti ibẹ̀. Ìgbà méjèèjì. Mo wo ojú àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ."

Mo fẹ́ sọ nǹkan nípa ariwo èrò àti ẹ̀rù. Bàbá Antuáànù ṣáájú mi. Ó ní ní ọjọ́ náà gan-an, ní ìrọ̀lẹ́, àwọn fọn fèrè níbí títí ẹnu òun fi wú, òkè kò dáhùn rárá. Eré kò rí ohun tó máa dá a dúró, wọ́n gbá a títí wọn ò fi rí bọ́ọ̀lù mọ́.

Ẹ̀rù Bẹ́nùwá wá yé mi: bí òun bá lọ, òkè á tẹ̀lé òun, bó bá sì tẹ̀lé òun, ta ni á kù sílé? Ìyá rẹ̀ ló là á.

"Mọ́tò kóòṣì ló gbé e lọ nígbà yẹn, kò dágbére. Ẹni tí kò dágbére, wọ́n á wá a lọ. Ṣé ìwọ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àbí o ò fẹ́?"

Ó ní, "Mo fẹ́, Màmá."

"Ó dáa. Lọ́la, lẹ́yìn Máàsì àkọ́kọ́."

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè a padà sí pápá. Bọ́ọ̀lù náà ṣì wà láàárín gan-an, bẹ́ẹ̀ ojú mi ni ó ṣe yí kọjá aṣọ́lé lánàá. Mo bi Bàbá bóyá ọmọ kan ló gbé e padà. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ìyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó dojú kọ òkè apá òsì, ó sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní pípé, pẹ̀lú èyí tí wọ́n sọ ọ́ nínú ilé àti èyí tí àlùfáà sọ ọ́, ó ní ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó máa padà. Lẹ́yìn náà Bẹ́nùwá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù sápá àwọ̀n, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bàbá fọn fèrè.

Bẹ́nùwá dúró. Mo rí bí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n bí ti ẹṣin tí wọ́n fa ìjánu rẹ̀. Kò yí orí. A dúró, a ń retí fèrè kejì. Afẹ́fẹ́ kò sí, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, kò sí ìdí kankan tí ohùn kò fi yẹ kó padà. Kò padà.

Ìyá ṣe àmì àgbélébùú. Ó ní, "Òkè ti gbọ́." N kò bi í bóyá ìyẹn dára tàbí kò dára, nítorí ojú rẹ̀ kò sọ èyíkéyìí.

Èmi àti Bẹ́nùwá jọ wọkọ̀ dé Bohíkọ̀n. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ẹgbẹ́ wọn ṣe ní Hólàńdì, nítorí wọn ò tíì bí i nígbà náà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Góòlù kan péré?" Mo ní kan péré. Ó wọ ọkọ̀ Kùtọnú, èmi gba ọ̀nà Kétu, mo sì délé kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́.

Mo ti rò pé mo mọ ohun gbogbo tó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yìí. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé fèrè tí a kọ sílẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. N kò tún ní kánjú sọ pé mo mọ ìdí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe.

Wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn odi. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Antuáànù pè mí lórí fóònù. Ó ní láti Sọ́ńdè yẹn, òkè kò tíì dá àwọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró ní fèrè àkọ́kọ́, ó ń nira fún wọn, ìjà àkọ́kọ́ sì ti ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó rò pé òkè náà wà báyìí. Ó ní kí n tan rédíò mi.

Nígbà tí àkókò eré tó, mo tàn án. Bẹ́nùwá ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gba káàdì kankan. Benin ọ̀kan, àwọn onílé òdo.