Bí kọmíṣọ̀n mi ṣe gba oko Bàbá Sàlíù kọjá

Ọ̀pọ̀ yín lẹ kí mi kú oríire níjọ́sí, nígbà tí mo kọ ọ́ síbí pé ọ̀gá mi àtijọ́ ti san kọmíṣọ̀n tí wọ́n jẹ mí. Ẹ ṣé o. Mo ka gbogbo àdúà yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó náà ṣe dé ọwọ́ mi, torí apá yẹn ni mi ò sọ. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, bóyá ẹ ó gba kú oríire yín padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé kí n tó máa ta aṣọ ọmọdé ní Ọ̀fà Garage, mo bá iléeṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Fate. Pọ́ǹpù ni wọ́n ń tà, ẹ̀rọ tó ń fa omi odò sínú oko. Alhaji kan ló ni ín. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wọ abúlé kiri, kí n máa wá àgbẹ̀ tó máa rà á. Owó oṣù kékeré, kọmíṣọ̀n ńlá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn.

Kọmíṣọ̀n ńlá dà? Mo tà á títí, Alhaji ń sọ pé kí n ní sùúrù. Òòrùn pa mí, ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Òkè-Oyi, sùúrù náà ni. Nígbà tó sú mi, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo yá owó, mo bẹ̀rẹ̀ ọjà tèmi.

Mo pe Alhaji, wọn ò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò fèsì. Bẹ́ẹ̀ ni lánlọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù mi ń sọ pé òun máa gbé e fún ẹlòmíràn tí mi ò bá san owó ọdún tuntun. Ni mo bá múra lọ́jọ́ kan, mo lọ jókòó sí ọ́fíìsì Alhaji láti àárọ̀. Mo ní tí wọn ò bá dá mi lóhùn, mo máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wọn, kí gbogbo jàmáà gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Alhaji ò tiẹ̀ bínú! Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi tútù fún mi. Wọ́n ní àwọn ò rẹ́ mi jẹ, pé àwọn àgbẹ̀ tí mo ta ọjà fún ni kò tíì san owó wọn tán. Bàbá Sàlíù tó wà lápá Òkè-Oyi ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ní dẹ́rẹ́bà àwọn ti wá oko náà títí kò rí i, àwọn ará abúlé ò sì júwe ọ̀nà fún un.

"Ìwọ mọ ibẹ̀," ni Alhaji wí. "Mú dẹ́rẹ́bà mi lọ, kó gbé pọ́ǹpù náà wá. Ọjọ́ náà gan-an ni màá san gbogbo owó ẹ."

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo sọ? Mo béèrè pé ìgbà wo la máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Bàbá Sàlíù jẹ́. Àgbàlagbà àgbẹ̀ ni wọ́n. Tòmátì àti ata ni wọ́n ń gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sí fàdámà, ilẹ̀ àbàtà tó wà lẹ́bàá odò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn àti ìyàwó wọn fi ń pọn omi sí i tẹ́lẹ̀. Wọn ò fẹ́ ra nǹkan kan láwìn rárá. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ gbèsè káwọn sì rí oorun sùn. Èmi ni mo ń lọ, tí mo ń bọ̀, tí mo ń rọ̀ wọ́n. Èmi yìí ni mo sọ pé, "Bàbá, díẹ̀ díẹ̀ lẹ máa san. Bí wàhálà bá dé, ẹ pè mí, màá bá yín bá Alhaji sọ̀rọ̀."

Wàhálà sì dé lóòótọ́. Ìyàwó wọn ṣàìsàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ibẹ̀ ni owó pọ́ǹpù wọlé sí. Bàbá pè mí. Mo sọ fún wọn pé mi ò sí níbi iṣẹ́ yẹn mọ́, mo ní kí Ọlọ́hun fún Ìyá ní àlàáfíà. Mi ò bá wọn bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí a lọ, èmi ni mo jókòó síwájú mọ́tò, tí mò ń sọ fún Kámọ́rù, dẹ́rẹ́bà Alhaji, pé yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Nígbà tí mọ́tò ò lè lọ mọ́, a sọ̀ kalẹ̀, mo ṣáájú rẹ̀ gba ọ̀nà oko. Láti òkèèrè ni mo ti ń gbọ́ ìró pọ́ǹpù náà. Omi ń ṣàn láàárín ebè. Tòmátì ti so, kò tíì pọ́n.

Bàbá rí mi, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wá pàdé mi.

"Alihamudulilai! Ìyá Áíṣà, mo mọ̀ pé o máa wá! Mo sọ fún ìyá ẹ pé o ò ní gbàgbé wa. O ti bá wọn sọ̀rọ̀, àbí?"

Kí n tó dáhùn, Kámọ́rù ti kọjá lára wa, ó ti pa ẹ̀rọ, ó ń tú páìpù. Gbogbo oko dákẹ́ lójijì.

Bàbá wo Kámọ́rù, wọ́n wá wò mí. "Ṣé ìwọ lo mú u wá?"

Mo ní, "Wọ́n rán mi ni, Bàbá."

Irọ́! Ta ló fipá rán mi? Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó rò ó. Bàbá padà lọ mú ọkọ́ wọn nílẹ̀. Ìyá ló dìde lórí ẹní wọn lábẹ́ igi, tí wọ́n fọwọ́ di ikùn mú torí ojú abẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí, nígbà tí Kámọ́rù ń gbé pọ́ǹpù wọn kọjá níwájú wọn: "Ìyá Áíṣà, ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.

Owó ti wọ àkáǹtì mi kí n tó dé Ọ̀fà Garage. Alhaji mú àdéhùn wọn ṣẹ. Màmá mi tẹ́wọ́ àdúà fún mi nílé, wọ́n ń dúpẹ́ pé Ọlọ́hun bá mi gba owó hàláálì mi. Wọ́n dákẹ́ kí n ṣe àmín. Kò jáde lẹ́nu mi.

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo kọ́kọ́ san owó ṣọ́ọ̀bù. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni mo ṣe, mi ò jí owó ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ṣé mo jalè ni? Síbẹ̀, tí mo bá rí apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí ẹnikẹ́ni ní Ọ̀fà Garage, màá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò lè bá oníbàárà dúnàá-dúrà dáadáa mọ́. Ẹni tó bá ti ní kí n ṣàánú òun, màá kàn gbé ọjà fún un.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo kó owó tó ṣẹ́kù lọ bá Alhaji. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà á kún gbèsè Bàbá, kí wọ́n dá pọ́ǹpù padà. Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Wọ́n ní àwọn ti tà á.

Mo gba Òkè-Oyi lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé oko, apá ibi tó jìnnà sí odò ti gbẹ, ewé tòmátì ti ká kò. Ìyá ni mo kọ́kọ́ rí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tí ojú abẹ wọn ò tíì jinná dáadáa! Mo sáré gba bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, mo bú sẹ́kún.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Mo ní, "Bàbá, ẹnikẹ́ni ò fipá rán mi. Èmi ni mo mú u wá, nítorí kọmíṣọ̀n mi."

Wọ́n wá bi mí pé, "Wọ́n san án?"

"Wọ́n san án, sà."

Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí ebè wọn.

Mo wá ẹni tó ní pọ́ǹpù lábúlé kejì, mo fi owó tó ṣẹ́kù náà háyà pọ́ǹpù rẹ̀ títí wọ́n á fi kórè. Kò tó ohun tí mo bàjẹ́, mo mọ̀. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, Bàbá pè mí, wọ́n ní, "Mo gba omi yìí, nítorí tòmátì ò ṣẹ̀ mí. Ní ti ìwọ, jẹ́ kí n ṣì rò ó ná."

Wọ́n ti kórè èyí tó kù. Ìyá máa ń gbé ìpè mi. Bàbá ò tíì gbé e rí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ẹ̀tọ́ mi ni owó yẹn, mi ò ní sọ pé kì í ṣe ẹ̀tọ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má dákẹ́ lórí owó iṣẹ́ rẹ̀! Àmọ́ Alhaji ló jẹ mí, kì í ṣe Bàbá Sàlíù. Ọ̀dọ̀ lèmọ́mù ló yẹ kí n gbà lọ bí mo ṣe sọ, kí ojú tì mí, kí ojú ti Alhaji náà. Ìgbà tí Alhaji fi ọ̀nà tó yá jù hàn mí ni mo sáré gbà á, mi ò wo ẹni tí mo máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tó bá ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọ̀gá tí kò fẹ́ san, tí ẹnikẹ́ni ò sì fara gbá nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ bí ẹ ṣe ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi wí, kó bá mi wí. Màá kà á.